Ọkọ̀ Bàbá Jẹ́jẹ́ Tó Ń Súfèé

Nínú gbogbo ìtàn Bàbá Jẹ́jẹ́, èyí tí tọmọdé tàgbà àdúgbò mọ̀ jù ni ti ọjọ́ tó lọ fẹjọ́ ara rẹ̀ sun ọlọ́pàá. Iṣẹ́ sàlẹ́ńsà ni bàbá náà ń ṣe: páìpù abẹ́ ọkọ̀ tó ń gbé èéfín jáde, àti agolo ńlá ara rẹ̀ tó ń pa ẹ́ńjìnnì lẹ́nu mọ́ kí ó má fi ariwo di aráyé létí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Àfi bí sàlẹ́ńsà ọkọ̀ akẹ́rù tirẹ̀ gan-an ṣe là sí méjì lójú títì lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, tí ọkọ̀ náà figbe ta bí ẹni tí wọ́n já ogún rẹ̀ gbà. Ẹlòmíràn ì bá yíjú sápá kan, kó sáré dé ilé. Bàbá Jẹ́jẹ́ wà á dé oríta, ó dúró síwájú ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí ó jọ̀ọ́ kọ ìwé ìtanràn fún òun.

Ọlọ́pàá náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí Bàbá ti bá tún páìpù alùpùpù rẹ̀ ṣe rí, ní kí Bàbá máa lọ, pé ó ṣèèṣì ni.

"Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí nínú ìwé òfin pé ẹni tó bá ṣèèṣì kò ní sanwó ìtanràn?"

"Bàbá, mo ní mo ti foríjì yín."

"N kò tọrọ àforíjì. Ìwé ni mo tọrọ."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í nájà sẹ́yìn nìyẹn, ẹni tó ń tà ń já a wálẹ̀, ẹni tó ń rà ń fi kún un. Ọlọ́pàá ní òun á kìlọ̀ fún un. Bàbá ní kò tó. Ọlọ́pàá ní òun á kìlọ̀ fún un gidigidi. Bàbá ní ìkìlọ̀ kì í ṣe ìwé. Ọkọ̀ tò sẹ́yìn wọn débi tí ojú kò rí ìparí rẹ̀, gbogbo wọn ń tẹ họ́ọ̀nù. Nígbà tó pẹ́, ọlọ́pàá fa bíírò yọ pẹ̀lú ìbínú, ó kọ ìwé náà, ó fi lé e lọ́wọ́. Bàbá Jẹ́jẹ́ kà á. Ẹ̀sùn dídí ojú ọ̀nà ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò mẹ́nu kan ariwo rárá. Títí tó fi kú ni ìwé náà wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kọ síbí yìí kọ́ ni mo ṣẹ̀."

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, ọlọ́pàá yìí kan náà, tí ewú ti gba orí rẹ̀ báyìí, ló dìde nínú yàrá àlejò tó sọ ìtàn yẹn, kò sì lè sọ ọ́ débi ìwé. Àwọn èèyàn ló bá a parí rẹ̀. Àbíkẹ́yìn, ọmọbìnrin olóògbé tó kéré jù, tó bá a ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù fún ọdún mẹ́sàn-án, rẹ́rìn-ín títí ó fi di apá àga mú. Ẹ̀rín náà kọ̀, kò dúró, ó sì ń di ẹkún lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló wá jókòó tì í, tó rọra gba ife omi lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí omi náà ti ń dànù sára aṣọ rẹ̀.

Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìsìnkú kò pọ̀. Ẹyọ kan ni: ọkọ̀ asáré.

Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé ni, oníjókòó méjì, ó sì kúrú débi pé ńṣe ni Bàbá máa ń wọ̀ ọ́ bí ẹni tó ń wọ bàtà. Ó rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí adìẹ rẹ̀ ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi tò ó padà, egungun kan lẹ́yìn èkejì, títí ó fi ku àyẹ̀wò. Ọkọ̀ tí kò bá ní ìwé àyẹ̀wò kò gbọdọ̀ rìn lójú títì, kò sì gbọdọ̀ dúró létí rẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ yìí kò tíì rìn ju ìwọ̀n àgbàlá ṣọ́ọ̀bù lọ láyé rẹ̀. Onílé ṣọ́ọ̀bù sì fẹ́ gba ilé rẹ̀ níparí oṣù.

Ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́yìn jẹ́ olùkọ́ ìṣirò. Kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ kò lè rí ìṣòro kó má ṣírò ó. Ó ní Bàbá fúnra rẹ̀ ti gba ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ sílẹ̀ ní ibùdó àyẹ̀wò, òfin sì gbà kí wọ́n wà á lọ kí wọ́n sì wà á bọ̀ lọ́jọ́ yẹn nìkan. Bí ó bá yege, kí Àbíkẹ́yìn gbé e síwájú ilé. Bí kò bá yege, kò sí ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e sí, oníirin tó ń ra àlòkù á wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé.

"Oníirin á ṣe kí ni sí i, Bọ̀dá mi?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ilẹ̀. "Á gé e, àbúrò mi."

Ẹni tí kò mọ Bàbá Jẹ́jẹ́ lè ní irin ni irin ń jẹ́. Ṣùgbọ́n lójú bàbá yìí, ọkọ̀ kì í ṣe irin, ohùn ni. "Jẹ́jẹ́" ló máa ń sọ fún gbogbo awakọ̀ tó bá jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́jọ́ kan, dókítà eyín kan gbé ọkọ̀ asáré pupa wá. Ó ti ra páìpù mìíràn, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe mọ́ ọkọ̀ náà. Ó ní kí Bàbá bá òun dè é, kó sì yọ agolo tó ń sẹ́ èéfín mọ́ dànù, kí ọkọ̀ òun lè bú bíi kìnnìún. Bàbá jókòó sórí àpótí, ó ṣàlàyé fún un bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ọmọ àna. Pé kéèyàn pààrọ̀ páìpù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ páìpù náà gbọ́dọ̀ ní èdìdì àṣẹ lára, ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ yọ kọjá bọ́ńpà kó má gé ẹlẹ́sẹ̀ lójúgun, agolo tó ń sẹ́ èéfín kò gbọdọ̀ kúrò nípò, ariwo rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kọjá iye tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀.

"Kìnnìún ṣáà ni mo fẹ́, Bàbá."

"Ajá ni mo ní."

"Ajá kẹ̀?"

"Ajá ńlá. Tó ti jẹun àárọ̀."

Dókítà ní kí ó jẹ́ ẹkùn, ó kéré tán. Bàbá Jẹ́jẹ́ mi orí rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní òun gbà, ẹkùn ni, ṣùgbọ́n ẹkùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọmọ sùn tí kò fẹ́ kó jí, òun kò sì ní fi nǹkan kan kún un mọ́. Bí wọ́n ṣe fẹnu kò nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà padà wá pẹ̀lú ojú tó rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí àfẹ́sọ́nà òun máa gbọ́ ohun tí òun ń sọ nínú ọkọ̀, ó sì ti fi òun sílẹ̀. Bàbá ronú lọ títí, ó káàánú rẹ̀ dénú. Ó wá bi í pé, "Ṣùgbọ́n páìpù yẹn ńkọ́, kò jò?"

Bí Bàbá ṣe ń mọ ìwọ̀n ariwo, kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni. Ó ní ife tánganran funfun kan tí ara rẹ̀ ti ṣá. Á bu omi sí i títí omi á fi ga ju etí ife lọ, tí á máa gbọ̀n bí ojú tó fẹ́ sunkún. Á gbé e sórí àpótí, ìdajì mítà sí ẹnu páìpù, ní ẹ̀gbẹ̀ẹ́gbẹ́, kì í ṣe ọ̀kánkán, ibi tí òfin ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ariwo sí gẹ́lẹ́. Àbíkẹ́yìn á wọnú ọkọ̀, á tẹ tọ́tù kí ẹ́ńjìnnì sáré dé iye tó yẹ. Bí ẹ̀kán omi kan bá dànù, ọkọ̀ náà kò lọ sílé lọ́jọ́ yẹn. Bí kò bá dànù, Bàbá á gbé ife, á mu ún tán lẹ́ẹ̀kan náà, á nu ẹnu.

Olùyẹ̀wò ìjọba tó wà ní ibùdó àyẹ̀wò fi ife yìí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó rí i. Ọkùnrin gígùn kan ni, tí kì í rẹ́rìn-ín. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní Kò-Yege, nítorí ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń sọ nìyẹn. Bàbá Jẹ́jẹ́ ní kí ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife òun, ẹni tó bá sì bá ife jiyàn tó jẹ̀bi ni yóò mu omi inú rẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́rin ni wọ́n dán wò lọ́jọ́ náà, Kò-Yege sì mu ife mẹ́rin. Ogún ọdún gbáko ni wọ́n fi jọ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ tí Bàbá Jẹ́jẹ́ bá gbé lọ ló ń gbé ife dání lọ, bí ọkọ̀ bá sì yege, Kò-Yege á kọ́kọ́ mu omi kó tó buwọ́ lùwé. Ìgbà kan wà tí ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ sí Bàbá pé kí ó jọ̀ọ́ máa gbé ọkọ̀ mìíràn tó bàjẹ́ díẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọkọ òun lè rójú sùn.

Ṣùgbọ́n ẹni kan ṣoṣo wà láyé yìí tó rí Bàbá Jẹ́jẹ́ mú, Àbíkẹ́yìn ni. Ọmọ yìí kò lè rí ohun tó tò kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló fi òróró kun ìdí sìpánà bàbá rẹ̀, òun ló fi ohùn onílé pè é lórí fóònù. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ló wá ṣe èyí tó ga jù. Wọ́n ní kẹ́tùlù kan nílé tó ní fèrè kékeré lẹ́nu. Bí omi bá ti hó, fèrè náà á ké. Àbíkẹ́yìn yọ fèrè yìí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ inú ìdí páìpù ọkọ̀ asáré, ó wá lọ dúró sẹ́yìn táyà tí wọ́n tò jọ.

Bàbá dé, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ bíi bàtà, ó ta ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jí. Fèrè ké, tẹ́ẹ́rẹ́, ó dùn. Àbíkẹ́yìn retí kí Bàbá fò jáde. Bàbá pa ọkọ̀. Ó tún ta á. Ó jókòó sínú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó jáde, ńṣe ló pe káfíńtà, ó pe fọkanáísà, ó pe ìyá tó ń ta káàdì fóònù létí géètì, ó ní kí gbogbo wọn wá gbọ́ ohun tí òun ti ń wá láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Ó ní bí òun ṣe tẹ páìpù kejì ló fà á. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya àwòrán sílẹ̀, ó ṣàlàyé bí afẹ́fẹ́ gbígbóná ṣe ń pàdé èyí tó tutù, tí àwọn méjèèjì á sì jọ súfèé. Fọkanáísà béèrè ìbéèrè méjì, Bàbá sì dáhùn wọn. Lẹ́yìn táyà, Àbíkẹ́yìn ti ki ọwọ́ aṣọ rẹ̀ bọ ẹnu kó má baà pariwo.

Láti ọjọ́ náà ni kẹ́tùlù ilé wọn ti yadi. Omi á hó títí á gbẹ, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Ìdí kẹ́tùlù dúdú, Bàbá sì ń ráhùn láràárọ̀ pé wọn kò mọ kẹ́tùlù ṣe mọ́ láyé yìí. Á wo Àbíkẹ́yìn lójú kòrókòró, á ní, "Ìyá mi, ṣé o rí ayé? Ọkọ̀ mi ń súfèé, kẹ́tùlù mi kò lè súfèé." Àbíkẹ́yìn á ní ó ga o, Bàámi, ayé ti bàjẹ́.

Ó fẹ́ sọ fún un. Ó kọ́kọ́ ní òun á sọ ọ́ lọ́jọ́ ìbí Bàbá. Ọjọ́ ìbí dé, ó ní àwàdà náà ṣì dùn jù láti jẹ tán. Ó wá ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá yege ni òun á sọ ọ́, kí àwọn jọ fi rẹ́rìn-ín délé. Bí ẹni tó fi ẹran pamọ́ de àlejò ló ṣe fi ẹ̀rín yẹn pamọ́. Àlejò kò sì dúró.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wọ́n bá a lórí àpótí rẹ̀ nídìí ọkọ̀ asáré, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ife tánganran wà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí orúnkún. Àbíkẹ́yìn pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó mọ̀. Ohun tí kò lè kúrò lọ́kàn rẹ̀ ni pé ife náà kún dé etí, ẹ̀kán kan kò sì dànù.

Lára ògiri ibẹ̀ ni Bàbá kọ gbogbo iṣẹ́ tó kù lára ọkọ̀ náà sí pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Ó ti fa ilà sórí gbogbo rẹ̀: iná ẹ̀yìn, bíréékì, etí páìpù tó gbọ́dọ̀ wọlé sábẹ́ bọ́ńpà. Ọ̀kan ṣoṣo ni kò fa ilà sí. Ó ní: "Yọ ìyẹn kúrò. Kò kánjú." Àbíkẹ́yìn dúró síwájú ọ̀rọ̀ yìí lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó wo inú rẹ̀, kò rí ohun kan tó yẹ kí ó yọ. Ti fèrè kò wá sí i lọ́kàn, nítorí Bàbá kò mọ̀ nípa ìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ sì ti pinnu pé fèrè náà ń bẹ níbẹ̀ lọ títí ayé. Ohùn tó ṣẹ́kù nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ọkọ̀ náà jáde ní géètì. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí táyà rẹ̀ máa kan títì. Orúnkún olùkọ́ ìṣirò wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, àpótí wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ife wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ń súfèé lọ, àwọn èèyàn ń yíjú wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá tó ń ta káàdì fóònù juwọ́ sí wọn, ó wá fi ọwọ́ kan náà bo ẹnu.

Kò-Yege kò kí wọn kú àfẹ́kù. Ó ti wá kí wọn nílé. Ibi iṣẹ́ yàtọ̀. Ó yẹ iná wò, ó yẹ bíréékì wò, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó ka èdìdì ara sàlẹ́ńsà sókè, ó fọwọ́ pa etí páìpù bóyá á gé e. Ó ki ọ̀pá ẹ̀rọ bọ ẹnu páìpù láti wọn èéfín. Nígbà tó kan ti ariwo, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀. Àbíkẹ́yìn gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bu omi sí ife títí ó fi ga ju etí lọ. Kò-Yege wo ife náà pẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sún àpótí bí ìka kan sápá òsì, bó ṣe yẹ kó wà.

Tọ́tù lọ sókè. Omi gbọ̀n, kò dànù. Nọ́ńbà ẹ̀rọ wà lábẹ́ iye tó wà nínú ìwé. Àbíkẹ́yìn mí kanlẹ̀, ó ń retí kí ọkùnrin náà na ọwọ́ sí ife. Kò nà án. Ó tẹ etí sílẹ̀.

"Kí ló ń súfèé?"

"Bàbá mi ní bí àwọn ṣe tẹ páìpù ni, sà."

"Páìpù kì í fi ohùn kẹ́tùlù súfèé." Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní ohun tí wọ́n fi èdìdì sí ni òun lè buwọ́ lù, kì í ṣe ohun tí ẹnì kan dọ́gbọ́n fi sínú rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ tó kù ṣòro fún un láti sọ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. "Kò yege." Ó yíjú, ó tún yíjú padà. "Aago mẹ́rin ni mo ń ti géètì. Igun ọ̀hún ṣófo, jáàkì sì wà níbẹ̀."

Àbíkẹ́yìn jẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè. Ó ní òun ni, wáyà lòun fi so ó, ìṣẹ́jú kan lòun máa fi já a. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na sìpánà sí i. Àbíkẹ́yìn wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú ìdí páìpù, ó fi àkísà nu èédú kúrò.

Kò sí wáyà níbẹ̀.

Fèrè náà jókòó nínú òrùka irin kékeré kan tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n rẹ̀. Ojú mẹ́rin ni wọ́n ti fi iná wẹ́dà mú un, ojú kọ̀ọ̀kan kò ju hóró ìrẹsì lọ, wọ́n sì fi fáìlì ha á títí ó fi dán. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń wẹ́dà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìlú. Àbíkẹ́yìn dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kò mira. Wáyà kì í sọ ara rẹ̀ di òrùka.

"Ó mọ̀," ó ní lábẹ́ ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú sí i. "Ọjọ́ kejì ló ti mọ̀. Ọkùnrin tó ń gbọ́ ìjò páìpù láti òdìkejì títì, ṣé kò ní mọ ohùn kẹ́tùlù rẹ̀ ni? Ó ní ọmọ yẹn ti yọ ẹnu kẹ́tùlù òun. Ó ní wáyà tó fi so ó kò dáa, á já, òun sì ti bá a dè é dáadáa. Ó ní kí n má sọ fún ẹ o, kí àwọn wo ẹni tó máa kọ́kọ́ rẹ̀ láàrin òun pẹ̀lú ẹ."

"Ọdún méjì, Bọ̀dá mi? Ẹ̀ ń wò mí fún ọdún méjì?"

"Ó fẹ́ fúnra rẹ̀ sọ fún ẹ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá yege."

Àbíkẹ́yìn rántí fọkanáísà tó béèrè ìbéèrè méjì, àti kẹ́tùlù tó ń dúdú, àti ojú kòrókòró tí Bàbá fi ń wo òun láràárọ̀ pẹ̀lú ìráhùn yẹn. Ẹ̀rín gbé e, ó sì gbé e dáadáa, débi tí àwọn mẹkáníìkì tó wà lórí ìlà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ méjì tó ń gbọ̀n lábẹ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú kúrò, nítorí wọ́n gbọ́ ohun tí ẹ̀rín náà dà.

Sìpánà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè lò ó. Bí ó bá yọ ọ́, ọkọ̀ náà á dákẹ́ bí ọkọ̀ gbogbo ayé. Bí kò bá yọ ọ́, oníirin á wá lọ́la. Aago mẹ́ta ti kọjá. Ó tún tan tọ́ọ̀ṣì sí ibẹ̀, ìgbà náà ló wá rí ohun tí omijé kò jẹ́ kó rí tẹ́lẹ̀. Bàbá Jẹ́jẹ́, tó máa ń fi wẹ́dà lẹ gbogbo nǹkan pọ̀, tí wọ́n ní bí wọ́n bá fún un láyè á wẹ́dà ilẹ̀kùn mọ́ ògiri, kò lẹ òrùka yìí mọ́ páìpù. Nọ́ọ̀tì méjì péré ló fi dè é, ó fi gírísì sí wọn kí wọ́n má dìpẹtà. Ó ṣe é kí ó lè kúrò. Yọ ìyẹn kúrò. Kò kánjú.

Ọwọ́ lásán ló fi tú wọn.

Nígbà tí wọ́n tún ta ọkọ̀ náà jí, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹkùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọmọ sùn. Omi inú ife gbọ̀n, kò dànù. Kò-Yege kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá ife jiyàn lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife lórí àpótí, ó sì mu ún, díẹ̀díẹ̀, títí dé ìsàlẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní omi náà gba ọ̀nà òdì lọ́fun òun. Ó wá buwọ́ lùwé.

"Ó yege," ó ní. Lẹ́yìn náà ló rọra fi kún un pé, "Ẹ wà á jẹ́jẹ́."

Ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́yìn ló pe oníirin lórí fóònù pé kó má wulẹ̀ wá mọ́. Wọ́n gbé ọkọ̀ síwájú ilé, lábẹ́ fèrèsé ilé ìdáná, níbi tí òfin gbà á láyè. Àbíkẹ́yìn fi kánrinkán fọ fèrè náà, àmọ́ èédú ọdún méjì kò lọ tán. Ó fi í sẹ́nu kẹ́tùlù onídìí dúdú tòun ti òrùka rẹ̀, ó gbé e kaná, tẹ̀gbọ́n tàbúrò jókòó tì í.

Omi hó. Fèrè náà kọ́kọ́ wú ikọ́, ó tu èédú díẹ̀ jáde, ó wá ké. Ohùn rẹ̀ ti há díẹ̀, bí ohùn àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde láti sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Bọ̀dá mi," Àbíkẹ́yìn ní. "Kò kánjú."